Ohun Tí Eléré Ń Sọ fún Ara Rẹ̀ Lẹ́yìn Ìjákulẹ̀

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2021, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré àṣekágbá fífo ìdènà 100 mítà ti àwọn obìnrin níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo. Ìṣẹ́jú àáyá 12.60 ló fi parí eré náà, ó sì ṣe ipò kẹrin. Megan Tapper ará Jàmáíkà, tó gba idẹ, fi 12.55 parí tirẹ̀. Ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ló gba àmì-ẹ̀yẹ mọ́ ọmọ wa lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2019, níbi ìdíje àgbáyé ní Doha, ipò kẹrin náà ló ṣe, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fi pàdánù idẹ tọ̀hún.

Ogójì ọjọ́ kò tíì pé lẹ́yìn Tokyo tí Amusan fi gba ife Diamond League ní Zurich. 12.42 ló sá lọ́jọ́ náà, ó sì fi borí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó ti wà lọ́wọ́ Glory Alozie láti ọdún 1998. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, kò sì sí obìnrin tó tíì sá eré yẹn yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà ló gba wúrà. A mọ̀ pé atẹ́gùn máa ń ranni lọ́wọ́, a sì mọ̀ pé ọjọ́ kan máa ń san ju òmíràn lọ. Síbẹ̀, ara èèyàn kì í di tuntun láàárín ogójì ọjọ́. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ wa, a ó ní orí rẹ̀ ló gbè é, tàbí pé ọmọ náà ní ìfaradà. Òótọ́ lè wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe é kọ́ ọmọ ẹlòmíràn nínú wọn. Mo fẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, nítorí àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó bá gba Moniya, ní Akínyẹlé ní Ìbàdàn, kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò rí wọn lórí pápá ilé ìwé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù títí tí wọn kì í fi í rí bọ́ọ̀lù mọ́, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré yí pápá ká nítorí ìdíje ilé ìwé. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí ibùdókọ̀ Moniya, ọmọ Akínyẹlé lè gbéra láàárọ̀ lọ ṣe tíráyà ní Èkó kó sì padà wálé. Nínú àwọn tó ń lọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n máa ń mú. Àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí eré tí wọn yóò gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó ń bọ̀ wà lọ́wọ́ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé wọn kò rí wọn mú.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí ọkàn ẹni tó kùnà ni pé: kí ló fà á? Ìdáhùn tó bá fún ara rẹ̀ lágbára ju ìjákulẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1990, Martin Seligman, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn òmùwẹ̀ Yunifásítì California ní Berkeley. Wọ́n kọ́kọ́ wádìí bí òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń ṣàlàyé ohun burúkú tó bá ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí kálukú fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ irú èyí tó mọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n jáde nínú omi, kóòṣì sọ iye àkókò tí wọ́n lò fún wọn, ṣùgbọ́n irọ́ ni: ó mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un, kó lè dà bíi pé wọn kò ṣe dáadáa. Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n sì tún lúwẹ̀ẹ́. Àwọn tó máa ń sọ pé bí ayé àwọn ṣe rí nìyẹn, pé kò sí ohun tó lè yí i padà, falẹ̀ ní ìgbà kejì. Àwọn tó máa ń rí ìjákulẹ̀ bí ohun tó ní ìdí tirẹ̀, tó sì lè kọjá lọ, kò falẹ̀. Ẹ rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kùnà ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ló dín eré àwọn kan kù.

Matt Biondi wà lára àwọn òmùwẹ̀ Berkeley yẹn. Nígbà tó dé Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, àwọn èèyàn ń retí wúrà méje lọ́wọ́ rẹ̀. Idẹ ló gba nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú èkejì, Anthony Nesty, ọmọ orílẹ̀-èdè Suriname, fi ìdá kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá gba wúrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wúrà márùn-ún ni Biondi kó nínú ìdíje márùn-ún tó kù.

Ó yẹ ká wo bí àwa náà ṣe máa ń ṣàlàyé ìjákulẹ̀ nílé wa. Lọ́dún 1984, Zamalek láti Íjíbítì na Shooting Stars ti Ìbàdàn ní àmì ayò méjì sí òdo ní Cairo, wọ́n tún wá nà án ní ẹyọ kan ní Èkó, wọ́n sì gba ife àwọn akọni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà lọ. Lọ́dún 1996, ẹgbẹ́ méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá ìdíje kan náà, pẹ́nárítì sì ni Zamalek tún fi gbà á. Ẹni tó bá jókòó láàárín àwọn olólùfẹ́ Shooting Stars yóò gbọ́ oríṣiríṣi: wọ́n ti di ojú gólù pa, ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀, réfírì ti gbowó. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni ju ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò sì lọ lò ó fún ara tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti so ẹsẹ̀ mi, kí ni mo tún ń ṣe ìdánrawò fún? Àlàyé tó gba gbogbo nǹkan kúrò lọ́wọ́ eléré ti gba eré tó kàn lọ́wọ́ rẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n àlàyé mìíràn wà tó dà bí ìwà àgbà, tó sì burú tó ti àkọ́kọ́. Òun ni pé kí ọmọ gba gbogbo ẹ̀bi sórí: "Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n gbá. Bí mo ṣe rí nìyí." Àwọn òbí kan máa ń yìn ín pé kò purọ́ fún ara rẹ̀. Àṣìṣe ni. Ẹni tó ní òun kò mọ bọ́ọ̀lù gbá kò sọ ohun kan tí a lè tún ṣe. Ẹni tó ní, "Ẹsẹ̀ òsì mi kò lágbára, ìgbà mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀ tí mo ń yí i padà sí ọ̀tún," ti sọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bi, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àfojúsùn ti wọlé. Edwin Locke àti Gary Latham, tí ìwé ńlá wọn lórí àfojúsùn jáde ní 1990, fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé àfojúsùn tó le, tó sì ṣe pàtó, ń mú èèyàn ṣiṣẹ́ ju kí a kàn ní "ṣe ìwọ̀n tí o bá lè ṣe." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àfojúsùn kò rí bákan náà. Kí eléré borí gbogbo ẹni tó bá sáré jẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ àwọn tó ń bá a sáré sì ni ìdajì rẹ̀ wà. Kí ó sáré yá ju bó ṣe sáré lóṣù tó kọjá jẹ́ ọ̀kan, òun àti ara rẹ̀ ló ni ín. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tó sì wúlò jù lẹ́yìn ìjákulẹ̀, ni àfojúsùn lórí bí a ṣe ń ṣe eré náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká padà sí eré Amusan. Ìdènà mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ga ní 83.8 sẹ̀ǹtímítà. Mítà 13 ló wà láti ibi tí wọ́n ti ń gbéra dé ìdènà àkọ́kọ́, mítà 8.5 láàárín ìdènà kan sí èkejì, àti mítà 10.5 láti ìdènà ìkẹyìn dé ilà òpin. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni eléré ń gbé láàárín ìdènà méjì, kò gbọdọ̀ gùn jù, kò sì gbọdọ̀ kúrú. Ẹni tó bá ka ipò kẹrin sí ìjákulẹ̀ odidi yóò sunkún lé odidi eré lórí. Ẹni tó bá gé e sí wẹ́wẹ́ yóò béèrè bóyá ìgbéra ló pẹ́, bóyá ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀lé kan ìdènà kẹfà, tàbí bóyá ó gbójú sókè jù ní ìkẹjọ. Ìkọ̀ọ̀kan àwọn ìbéèrè yìí ní ìdánrawò tirẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, bí a bá pín in sórí ìdènà mẹ́wàá, kò ṣòro láti rí mọ́. Kóòṣì tó mọṣẹ́ ń ṣe èyí fún eléré rẹ̀ kí ìbànújẹ́ tó ráyè di ohun ńlá tí kò lórúkọ.

Ìbéèrè kejì tí ìjákulẹ̀ máa ń mú wá jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: ta ni mo ń ṣe é fún? Lọ́dún 1971, Edward Deci fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àdìtú kan tí wọ́n ń fi ègé kéékèèké tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn kan fún èyí tí wọ́n bá tò, kò san fún àwọn yòókù. Nígbà tí owó dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì fi kálukú sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú, àwọn tó ti gbowó kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àdìtú náà mọ́. Owó ti rọ́pò adùn tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Deci àti Richard Ryan ti gbé ìmọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́ nípa eré ìdárayá ń lò káàkiri ayé: ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣe nǹkan torí ó wù ú, tàbí torí ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ṣe pàtàkì, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó ń ṣe é torí ìbẹ̀rù, ìtìjú tàbí ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ.

Bí ohun gbogbo bá ń lọ dáadáa, o lè máà mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ìgbà tí nǹkan bá le lo máa tó mọ̀ ọ́n. Nikos Ntoumanis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2014 tó fi èyí hàn: bí àfojúsùn ṣe ń le sí i, àwọn tó ń lé e nítorí ìfẹ́ inú wọn ń rí i bí ìpèníjà, wọ́n sì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àwọn tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn ń rí i bí ewu, ọkàn wọn sì ń yọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ wá ro ti ọmọ kan tí ẹbí ti ta ilẹ̀ kí wọ́n lè san owó fún ẹni tó ní òun yóò mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Ìyá ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Àbúrò ń retí owó ilé ìwé. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Ọmọ náà kò ráyè kùnà mọ́. Bí wọn kò bá mú un ní tíráyà, òun kọ́ ló kùnà, odidi agbo ilé ni. Nígbà tó bá tún dé orí pápá, kò ní gbá bọ́ọ̀lù tó léwu, kò ní gbìyànjú láti gba ẹnì kan kọjá, yóò máa dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn. Ìbẹ̀rù ló ń gbá a, kì í ṣe òun. Àwọn tó wá yan eléré yóò wò ó, wọn yóò ní kò dá nǹkan kan ṣe. Mi ò dá àwọn òbí lẹ́bi pé wọ́n ń retí, torí ìyà ló ń sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù yẹn wúwo ju ohun tí a lè dì lé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lórí lọ.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti rí ẹni tó gbé ìjákulẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, ní pápá Liberty tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, Dick Tiger, afẹ̀ṣẹ́jà ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí tí kò fi lè jáde wá lẹ́yìn abala keje. Ìjà fún ife àgbáyé àkọ́kọ́ nìyẹn ní Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí ni bí Tiger ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdájọ́. Òtútù ń mú un, kò sí ará ilé nítòsí. Kò padà sílé. Lọ́dún 1957 ó lu Terry Downes, ẹni tó di akọni àgbáyé lẹ́yìn náà. Lọ́dún 1958 ó gba ife ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1962 ó gba ti àgbáyé lọ́wọ́ Fullmer yìí kan náà. Ó tún pàdánù rẹ̀ fún Joey Giardello lóṣù kejìlá ọdún 1963, ó sì tún gbà á padà ní 1965. Nígbà tí Emile Griffith tún gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1966, kò tẹ̀ lé ife yẹn mọ́. Ó bọ́ sí ìwọ̀n tó wúwo ju tirẹ̀ lọ, ó sì gba ife ibẹ̀ lọ́wọ́ José Torres kí ọdún náà tó parí.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé. Tiger yí àfojúsùn rẹ̀ padà, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùwádìí kan náà tó yin ìfẹ́ inú fi hàn pé ìfẹ́ náà ní ewu tirẹ̀: ó máa ń ṣòro fún ẹni tó fẹ́ràn àfojúsùn kan látọkànwá láti fi í sílẹ̀, kódà nígbà tó ti hàn pé ọwọ́ kò lè tó o mọ́. Ẹni tó tètè mọ̀, tó sì rí òmíràn tó jọ ọ́ lé, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ ju ẹni tó ń fi orí gbá ògiri lọ. Ọmọ tí kò yára tó fún ẹ̀gbẹ́ pápá lè di agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dáńtọ́. Ẹni tí 100 mítà kọ̀ lè rí ara rẹ̀ nínú 400. Kóòṣì ló yẹ kó rí i kó sì sọ ọ́, ní ohùn tí kò ní jọ ìdájọ́ ikú.

Ìfaradà náà sì ní ọlá tirẹ̀. Rashidi Yekini, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó pàdánù àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984, ní 1988 àti ní 1990. Lọ́dún 1992, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Ọdún mẹ́wàá ni ife náà fi ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Tunis lọ́dún 1994, òun ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù nínú ìdíje náà, márùn-ún, Nàìjíríà sì gba ife. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ló gbá àmì ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé, lójú Bulgaria.

Kí àlàyé yìí má bàa dà bíi pé ìjákulẹ̀ ló ń bí àṣeyọrí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó kù. Lẹ́yìn wúrà Eugene, Amusan ṣe ipò kẹfà ní Budapest ní 2023, lẹ́yìn tí ẹjọ́ àyẹ̀wò òògùn tí wọ́n pè é sí, tí wọ́n sì dá a láre, ti gba ọkàn rẹ̀ títí di ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdíje. Ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, kò dé àṣekágbá. Ní 2025, ó gba fàdákà nínú ìdíje àgbáyé, ní Tokyo tó ti ṣe ipò kẹrin tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gun òkè láìsọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó padà bọ̀ sípò là ń mẹ́nu bà; àwọn tó pọ̀ jù lọ fi eré sílẹ̀ ní kékeré, kò sì sẹ́ni tó béèrè wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé púpọ̀ nínú wọn kò fi í sílẹ̀ nítorí pé ara wọn kò lè ṣe é. Àwa la bá wọn parí rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nílé ìwé wa débi pé a kì í rí i mọ́. Ilé tó bá gbẹ̀yìn nínú eré ìdíje, tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe fírọ́ọ̀gì jọ́ọ̀m̀pù yí pápá ká, tàbí kí wọ́n sáré ogún ìgbà. Ẹ wò ó: eré sísá, ohun tí a fẹ́ kí ọmọ náà fẹ́ràn, la sọ di ìjìyà. Ọmọ tí wọ́n bá fi eré jẹ níyà lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yóò máa sá eré tó kàn kí wọ́n má bàa jẹ ẹ́ níyà, a sì ti rí ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe fún ẹsẹ̀. Iṣan tó ti rẹ̀ náà nílò ìsinmi, kò nílò ogún ìyípo. Bí ìyà bá tún bá èébú rìn lójú àwọn ẹlẹgbẹ́, ohun tí ọmọ yóò mú lọ sílé ni pé òun kò wúlò, kò sì sí ìdánrawò tí wọ́n ń fi wo irú ìyẹn sàn.

Ẹ̀yin kóòṣì àti olùkọ́ eré ìdárayá ní Moniya, ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní Bódìjà àti níbi gbogbo tí ọmọ ti ń sáré: ẹ fi fírọ́ọ̀gì jọ́ọ̀m̀pù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun kan tó ṣe dáadáa àti ohun kan tó fẹ́ tún ṣe, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ kékeré tí yóò rí èrè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti tíráyà bọ̀ láìsí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí wọ́n mú, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ má dárúkọ owó tí ẹ ná. Di ọjọ́ kejì kí ẹ tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ṣì fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù.